Ìwà Tí Ó Yẹ Ayàwòrán Òde Òní

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ sọ níbi Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ wa ní Sábó, Ṣágámù)

  

Nígbà tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ wá bá mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ fọ́tò yíyà, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Mo ní, "Ta ni kò mọ fọ́tò yà mọ́ ní ayé ìsinsìnyí? Ọmọdé ń yà á, ìyá alákàrà ń yà á." Ó sì dá mi lóhùn pé, "Bàbá, ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí a fi ń pè yín. Àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n fi iṣẹ́ náà wá oúnjẹ òòjọ́ kò kéré. A fẹ́ kí ẹ sọ fún wọn ohun tí ó ya ẹni tí ó mọ iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ń tẹ kámẹ́rà lásán." Mo ro ọ̀rọ̀ náà títí, mo sì rí i pé ó bọ́gbọ́n mu. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni mo mú wá fún yín lónìí: ìnáwó ni ó fi ìwà rere kọ́ àwa ayàwòrán àtijọ́. Ìnáwó náà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń lo kámẹ́rà dígítà gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara yín kọ́ ara yín ní ìwà náà, nítorí ẹ̀rọ kò ní kọ́ yín.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan bẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò buyì kún mi. Ní ọdún 2016, àwọn ọmọ ìyá kan wá kan ilẹ̀kùn mi ní kùtùkùtù òwúrọ̀. Ìyá wọn, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣa obì tí ó sì dì í ní Sábó níhìn-ín, ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ papòdà. Wọ́n rántí pé èmi ni mo ya fọ́tò níbi ìkómọjáde ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní ọdún 2014, àti pé ìyá náà jókòó, ó gbé ọmọ jòjòló náà lé ẹsẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Fọ́tò yẹn ni wọ́n ń fẹ́.

Ẹ̀yin ará, ó lé ní 600 fọ́tò tí mo yà ní ọjọ́ ìkómọjáde náà. Mo tú kọ̀ǹpútà mi, n kò rí ọ̀kan. Mo wo àwọn káàdì kámẹ́rà mi, mo ti pa ohun tí ó wà lórí wọn rẹ́ kí n lè fi wọ́n ya òde mìíràn. Ibi kan ṣoṣo tí mo kó àwọn fọ́tò náà pamọ́ sí ni dísìkì kan tí ó jóná ní ọjọ́ tí iná mànàmáná fi agbára tí ó pọ̀ jù dé. Ogún fọ́tò ni mo tẹ̀ jáde fún bàbá ọmọ nígbà náà, ìyá àgbà kò sì sí nínú wọn. N kò mọ ohun tí n ó sọ. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí mo bí lọ́mọ, mo bẹ̀ wọ́n.

Ìgbà náà ni mo rántí páànù bisikíìtì kan tí ọ̀gá mi fi jogún fún mi. Nẹ́gátíìfù ni ó kún inú rẹ̀, ó fi bébà wé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi pẹ́ńsù kọ orúkọ, ọjọ́ àti ibi tí ó ti yà á sára bébà náà. A jókòó tì í títí di ọ̀sán. Nígbẹ̀yìn a rí orúkọ ìyá náà, ọdún 1964, ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ẹyọ kan péré ni ọ̀gá mi yà. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, òun ni wọ́n sì gbé síwájú pósí. Àwọn ọmọ náà sunkún, nítorí wọn kò rí ìyá wọn ní omidan rí. Mo bá wọn sunkún pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìtìjú wà nínú ẹkún tèmi. Ọ̀gá mi ya ẹyọ kan, ó yè fún ọdún 52. Èmi ya 600, wọn kò yè fún ọdún méjì.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè ohun tí ọ̀gá mi ní tí èmi kò ní. Kì í ṣe kámẹ́rà, nítorí tèmi dára ju tirẹ̀ lọ ní ọ̀nà púpọ̀. Ìwà ni.

Bí ó ti rí láyé àtijọ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ kò mọ fíìmù, nítorí náà ó yẹ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Fíìmù tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán ní ilẹ̀ wa ń lò ni èyí tí a ń pè ní 120. Nínú kámẹ́rà alápòótí tí a ń gbé kọ́ àyà, fọ́tò 12 ni ó ń gbà, ó parí. Owó ni a fi ń ra fíìmù, owó ni a fi ń ra bébà, owó ni a fi ń ra omi oògùn tí a ó fi fọ̀ ọ́ nínú yàrá òkùnkùn. Bí o bá tẹ kámẹ́rà nígbà tí oníbàárà pa ojú dé, àdánù ni. Bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ bá ṣí ilẹ̀kùn yàrá òkùnkùn láìkàn án, àdánù ńlá ni, ìyà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà a máa ń wò, a máa ń rò, a máa ń tún aṣọ oníbàárà ṣe, a máa ń sún ìjókòó rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí a tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ní ọdún 1975 ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Steven Sasson, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà, to kámẹ́rà dígítà àkọ́kọ́ pọ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ tó kílò 3.6, fọ́tò rẹ̀ jẹ́ dúdú àti funfun, orí téèpù kásẹ́ẹ̀tì ni ó ń kó o sí, ìṣẹ́jú-àáyá 23 ni ó sì ń gbà kí fọ́tò kan tó wọlé. Fíìmù ni ilé-iṣẹ́ náà ń tà, kò sì tètè gba ọmọ titun náà mọ́ra. Ní oṣù kìíní ọdún 2012, ilé-iṣẹ́ ńlá náà lọ sá sábẹ́ ààbò ilé-ẹjọ́ nítorí gbèsè. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ alágbèéká GSM wọlé, kò sì pẹ́ púpọ̀ tí ojú kámẹ́rà fi yọ lẹ́yìn fóònù gbogbo ènìyàn.

N kò wá bú ẹ̀rọ titun. Ẹni tí ó bá kọ ohun titun, ẹ ti gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí omi bá pọ̀ nínú ilé, a kì í rántí pé ó yẹ kí a bo àmù. Ẹ jẹ́ kí a wá to àwọn ìwà náà lẹ́sẹẹsẹ.

Ìwà kìíní: Ìfarabalẹ̀

Ní ìlú Bàmákò ní ilẹ̀ Málì, ayàwòrán kan wà tí ń jẹ́ Seydou Keïta, tí ó ṣí ilé ìyàwòrán rẹ̀ ní ọdún 1948, tí ó sì kú ní ọdún 2001. Lónìí, àwọn ilé ọnà ńláńlá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń fi fọ́tò rẹ̀ han gbogbo ayé. Nítorí ọ̀wọ́n fíìmù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń tẹ kámẹ́rà fún oníbàárà kan. Kí ó tó tẹ̀ ẹ́, ó ti rí gbogbo rẹ̀ tán: bí orí ṣe tẹ̀, bí ọwọ́ ṣe wà, bí òdòdó ara aṣọ ṣe bá èyí tí ó wà lára aṣọ ẹ̀yìn mu.

Mo fẹ́ kí ẹ dán ohun kan wò. Ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀, kí ẹ pinnu pé fọ́tò 12 péré ni ẹ ó yà ní ọjọ́ náà, kí ẹ má sì wo èyíkéyìí nínú wọn títí di alẹ́. Ẹ ó rí i pé ọwọ́ yín yóò kọ́kọ́ máa yún yín. Ṣùgbọ́n tí oṣù kan bá fi kọjá, ojú yín yóò bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́ kí ìka yín tó ṣiṣẹ́. Kí ẹ tó tẹ kámẹ́rà, ẹ bi ara yín ní ohun mẹ́ta: Níbo ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá? Kí ni ó wà lẹ́yìn ẹni yìí? Kí ni mo fẹ́ kí ẹni tí yóò wo fọ́tò yìí kọ́kọ́ rí? Mo ti rí fọ́tò bàbá ìyàwó tí igi ọ̀pẹ hù jáde láti àárín fìlà rẹ̀. Mo ti rí ti olóyè kan tí wáyà iná gba etí rẹ̀ kan wọlé tí ó sì gba èkejì jáde. Ẹni tí ó yà wọ́n kò fọ́jú. Kò kàn wo ẹ̀yìn ni.

Ìwà kejì: Mímọ ìmọ́lẹ̀

Kámẹ́rà kò mọ bàbá, kò mọ ìyá. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ó mọ̀. Ìmọ́lẹ̀ sì ní àkókò tirẹ̀. Ní Ṣágámù níhìn-ín, bí oòrùn bá wà ní àtàrí, ihò ni yóò gbẹ́ sí ojú ènìyàn, òjìji imú yóò sì dúró lórí ètè bí irùngbọ̀n. Òwúrọ̀, kí oòrùn tó ga, àti ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ó bá ń wọ̀, ni ìmọ́lẹ̀ máa ń dùn lára ènìyàn. Bí ọ̀sán ni oníbàárà bá dé, ẹ mú un wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí abẹ́ igi, kí ó sún mọ́ etí ibi tí òjìji ti pin, kí ó sì kọjú sí gbangba. Òjìji yóò dáàbò bò ó, ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run yóò sì tàn sí i lójú jẹ́jẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà nípa àwọ̀ ara wa tí ó yẹ kí olúkúlùkù ayàwòrán mọ̀. Bí a ti ṣe kámẹ́rà ni pé yóò máa ka gbogbo ohun tí ó bá rí sí agbede-méjì funfun àti dúdú. Nítorí náà, bí ìyàwó bá wọ léèsì funfun, tí ó sì dúró síwájú ògiri funfun, kámẹ́rà yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Yóò dín in kù, ojú ìyàwó yóò sì dúdú bí èédú. Bí ó bá jẹ́ aṣọ dúdú ni gbogbo ènìyàn wọ̀ níbi òkú, yóò tún rò pé ìmọ́lẹ̀ kò tó, yóò fi kún un, ojú yóò sì ràn. Ẹ má ṣe fi èyí sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Bọ́tìnì kan wà lára kámẹ́rà tí ó ní àmì àròpọ̀ àti àmì àyọkúrò: ti funfun, ẹ ro ìmọ́lẹ̀ pọ̀ díẹ̀, ti dúdú, ẹ yọ díẹ̀ kúrò. Bí ó bá jẹ́ fóònù, ẹ fi ìka kan ojú ẹni náà nínú fóònù kí ó lè fi ojú rẹ̀ ṣe òdiwọ̀n. Kí a má ṣe bó àwọ̀ ara ènìyàn, kí a má sì fi dúdú kùn ún. Kí ìyá tí ó dúdú dán nílé dúdú dán nínú fọ́tò pẹ̀lú.

Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń mú kí ìmọ́lẹ̀ rọ̀, fọ́tò a sì dára. Ṣùgbọ́n eruku kan náà ni ọ̀tá kámẹ́rà. Ẹ má ṣe pààrọ̀ ojú kámẹ́rà nínú afẹ́fẹ́, ẹ má sì fi etí aṣọ nù ún kí ẹ tó fẹ́ iyanrìn kúrò lára rẹ̀, nítorí iyanrìn yóò ha á. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú òde, ẹ gba iná sí bátìrì, ẹ wo káàdì, ẹ nu ojú kámẹ́rà. Ìdájí kọ́ ni a ń wá àdá tí a ó gbé lọ sóko.

Ìwà kẹta: Bíbọlá fún ẹni tí a ń yà

Ní ọdún 1975, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Stephen Sprague wá sí Ìlá Ọ̀ràngún láti wo bí àwa Yorùbá ṣe ń ya fọ́tò, ó sì tẹ ohun tí ó rí jáde ní ọdún 1978. Ó kíyè sí i pé bí àgbàlagbà bá fẹ́ ya fọ́tò, yóò jókòó gbọnin, yóò kọjú sí kámẹ́rà gbangba, yóò gbé ọwọ́ lé orúnkún, yóò sì jẹ́ kí aṣọ rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ. Kò rẹ́rìn-ín, nítorí ipò rẹ̀ ni ó fẹ́ kí a rí. Ó tún rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn ayàwòrán a máa ya èyí tí ó kù, wọn a sì tẹ fọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ìyá lè rí àwọn méjèèjì papọ̀ bí ẹni pé wọ́n jọ jókòó. Fọ́tò náà wá dúró ní ipò ère ìbejì.

Ẹ wo bí iṣẹ́ yìí ti wúwo tó lójú àwọn baba wa! Ẹ má ṣe dojú kámẹ́rà kọ ènìyàn bí ẹni ń dọdẹ. Ẹ kí i, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi fọ́tò náà ṣe. Bí ó bá kọ̀, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì máa lọ. Ohun tí àṣà sọ pé a kò gbọ́dọ̀ yà, ẹ má yà á. Ọmọ Rẹ́mọ ni yín, ẹ mọ̀ pé Orò kì í ṣe ohun tí a ń gbé kámẹ́rà sí. Aláìsàn lórí ibùsùn, ẹni tí ọkọ̀ gbá, ọmọ tí ó wà ní ìhòhò, ẹ kọ́kọ́ ran wọ́n lọ́wọ́.

Ìwà kẹrin: Títẹpẹlẹ mọ́ nǹkan kan

Ọ̀pọ̀ nínú yín a máa bi mí pé, "Bàbá, báwo ni ènìyàn ṣe ń ní ojú ọnà?" Ìdáhùn mi ni pé ẹ mú nǹkan kan, kí ẹ máa yà á títí yóò fi sọ̀rọ̀. Olóògbé J. D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ ìlú Ovbiomu-Emai ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, ra kámẹ́rà Brownie kékeré kan ní ọdún 1950. Aládùúgbò rẹ̀ ni ó kọ́ ọ bí a ti ń lò ó. Ó wọ iṣẹ́ ní ọdún 1954 gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ nínú yàrá òkùnkùn ti ìjọba ní Ìbàdàn. Nígbà tí ó di ọdún 1968, ó bẹ̀rẹ̀ sí ya irun dídì àwọn obìnrin ilẹ̀ wa. Níbi òde, ní ọ́fíìsì, ní ojú títì, bí ó bá rí irun tí ó dára, yóò tọrọ àyè lọ́wọ́ onírun, yóò sì yà á, púpọ̀ nínú wọn láti ẹ̀yìn orí. Àwọn irun tí ó yà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000. Ó kú ní oṣù kejì ọdún 2014, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irun tí ẹnikẹ́ni kò dì mọ́ ṣì wà láàyè nínú fọ́tò rẹ̀. Ohun tí gbogbo ayé ń rí lójoojúmọ́ ni ó yà. Ìtẹpẹlẹ ni ó sọ ọ́ di ìṣúra.

Ẹ̀yin náà kò nílò láti lọ sí òkèèrè. Sábó yìí, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí titun ní èdè Haúsá, obì ni ó sọ ọ́ di ńlá. Ta ni nínú yín tí ó ti ya òwò obì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin? Ẹ bẹ̀rẹ̀ lóko, níbi tí wọ́n ti ń ká obì gbànja tí wọ́n sì ń là á. Ẹ ya bí wọ́n ti ń rẹ ẹ́ kí awọ funfun ara rẹ̀ lè bọ́, bí àwọn ìyá wa ti ń fọ̀ ọ́ tí wọ́n ń ṣà á, pupa sọ́tọ̀, funfun sọ́tọ̀, èyí tí kòkòrò jẹ sọ́tọ̀. Ẹ ya bí wọ́n ti ń fi ewé tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀ kí ó má bàa gbẹ, bí wọ́n ti ń rán an, àti bí wọ́n ti ń gbé e sínú ọkọ̀ tí ń lọ sí Òkè Ọya. Ẹ ya ọwọ́ tí ń ṣà á, kì í ṣe ojú nìkan. Ẹ kọ orúkọ irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bí àwọn oníṣòwò Yorùbá ti ń pè é àti bí àwọn ará wa Haúsá ti ń pè é. Ẹni tí ó bá ṣe èyí fún ọdún kan, mo sọ ọ́ tán, ojú rẹ̀ yóò là, ìlú yóò sì jẹ ẹ́ ní gbèsè ọpẹ́.

Ìwà karùn-ún: Ìpamọ́

Ìhín ni ẹjọ́ mi wà. Ní ìlú Bìní, Olóyè Solomon Osagie Alonge, ẹni tí ó jẹ́ ayàwòrán ààfin Ọba Bìní, ṣí ilé ìyàwòrán rẹ̀ ní ọdún 1942. Ó tọ́jú nẹ́gátíìfù rẹ̀, ti dígí àti ti fíìmù, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ní ọdún 2014, 20 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, a fi iṣẹ́ rẹ̀ han gbogbo ayé ní ilé ọnà ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà ní Washington. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àwọn ará Bìní ṣe ń múra ní ìgbà ayé rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò lọ.

Nítorí náà ẹ gbọ́ òfin tí mo fi ìtìjú kọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá ya fọ́tò, ẹ má sùn kí ẹ tó kó o jáde. Ẹ ṣa èyí tí ó dára, ẹ pa èyí tí kò wúlò rẹ́, kí 600 di 60. Ẹ kọ orúkọ ẹni, ọjọ́ àti ibi mọ́ ọn. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta: ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí dísìkì mìíràn, ọ̀kan ní ibi tí kì í ṣe ilé yín, ìbáà ṣe ilé ẹ̀gbọ́n yín tàbí orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ṣe nu káàdì kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó pé. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ díẹ̀ jáde sórí bébà, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù kọ orúkọ sẹ́yìn rẹ̀. Fọ́tò tí kò ní orúkọ, lẹ́yìn 40 ọdún, àlejò ni nínú ilé ara rẹ̀. Fóònù a máa jábọ́ sínú omi, olè a máa gbé e.

Ìwà kẹfà: Òtítọ́

Ní ọdún 1884, ọmọ Yorùbá kan láti ìhà Èkó, Herzekiah Andrew Shanu, lọ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Kóńgò tí ó wà lábẹ́ Leopold Ọba Bẹ́ljíọ̀mù. Ó di ayàwòrán àti oníṣòwò pàtàkì níbẹ̀. Nígbà tí ó rí ìwà ìkà tí wọ́n ń hù sí àwọn ọmọ onílẹ̀, ó ran àwọn tí ń tú àṣírí náà lọ́wọ́. Ìjọba ibẹ̀ ba òwò rẹ̀ jẹ́, ó sì kú ní ọdún 1905. Òtítọ́ náà ná an ní ohun gbogbo.

Ní ọwọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, irọ́ nínú fọ́tò lè pa ìlú. Àwa tí a wà ní Ṣágámù ní oṣù keje ọdún 1999 kò lè gbàgbé ìjà tí ó bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwa Yorùbá àti àwọn ará wa Haúsá ní àkókò Orò. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, iná náà sì ràn dé Kánò, ẹ̀mí tún ṣòfò lọ́hùn-ún. Kò sí kámẹ́rà nínú fóònù ẹnikẹ́ni nígbà náà. Ẹ rò ó wò bí ẹnì kan bá mú fọ́tò òkú láti ilẹ̀ mìíràn lónìí, tí ó kọ ọ́ sí i pé ní Sábó ni ó ti ṣẹlẹ̀, tí ó sì fi í ránṣẹ́ kiri. Kí a tó sọ pé òtútù ni, ọjà ti tú. Ìsinsìnyí tí ẹ̀rọ tilẹ̀ lè fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá fọ́tò ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí, ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ ni ó yẹ kí ìlú máa bi pé, "Ǹjẹ́ òótọ́ ni èyí?" Kí ìdáhùn yín lè jẹ́ ohun tí a gbà gbọ́, ẹ má ṣe fi fọ́tò purọ́ lọ́jọ́ kan. Ẹ lè tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú tí ó ṣókùnkùn, ẹ lè gé etí fọ́tò. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ẹni tí kò wá sí òde sí òde, ẹ má sì ṣe yọ ẹni tí ó wá kúrò.

Ohun kékeré kan kù nípa òwò. Bí ẹ bá dá ọjọ́, kí ọjọ́ pé. Bí ẹ bá dá iye owó, kí ó má yí padà nígbà tí oníbàárà bá dé. Ẹ dé òde kí onílé tó múra tán. Ẹni tí ó mọ fọ́tò yà tí kò mọ àdéhùn pa mọ́, ebi ni yóò pa á.

Ẹ̀yin àgbà Ẹgbẹ́ wa, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fi parí. Ọ̀pọ̀ ilé ní Sábó àti ní gbogbo Ṣágámù ni fọ́tò àtijọ́ ti ń jẹrà lára ògiri àti nínú àpótí abẹ́ ibùsùn. Àwọn tí ó mọ orúkọ àwọn tí ó wà nínú wọn ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí Ẹgbẹ́ rán àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí láti ilé dé ilé, ilé Yorùbá àti ilé Haúsá, kí wọ́n fi kámẹ́rà wọn ya àwọn fọ́tò náà níbi tí wọ́n wà, láì gba ti onílé lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ sílẹ̀ lẹ́nu àgbà. Páànù bisikíìtì ọ̀gá mi wà nílẹ̀. Èmi ni n ó kọ́kọ́ gbé e wá.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ní ọjọ́ kan, ọmọ tí ń ṣọ̀fọ̀ yóò kan ilẹ̀kùn yín ní kùtùkùtù. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ rí ohun tí ẹ ó gbé lé e lọ́wọ́. Kí Ó dá ìlú wa sí, kí Ó sì jẹ́ kí a tún pàdé ní àmọ́dún. Àmín.